Kíkọ́ àti Kíkọ̀: Níbo Ni Iyì Yunifásítì Wà?

Ìfáàrà

Ohùn nìkan ni ó ya ọ̀rọ̀-ìṣe kọ́ àti kọ̀ sọ́tọ̀ nínú èdè Yorùbá. Kọ́ ni iṣẹ́ olùkọ́. Kọ̀ ni ìṣe ẹni tí kò fẹ́ gba ohun tí wọ́n gbé wá bá a. Láti ara èkíní ni ẹ̀kọ́, olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́ àti ilé-ẹ̀kọ́ ti wá. Láti ara èkejì ni ìkọ̀sílẹ̀ ti wá. Olùkọ́ èdè tí ń kọ́ àwọn ọmọ ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ lè fi ọ̀rọ̀ méjèèjì ṣe àpẹẹrẹ, kí ó sì kọjá lọ. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá fara balẹ̀ gbọ́ bí àwọn òbí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn ọ̀mọ̀wé fúnra wọn ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa yunifásítì lóde òní, yóò rí i pé ìyàtọ̀ ohùn yìí ti di ọ̀ràn ìwà. Nítorí kíkọ́ ni wọ́n ṣe dá yunifásítì sílẹ̀. Síbẹ̀, iye ẹni tí ó kọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń mọ èyí tí ó dára jù.

Bí wọ́n bá fẹ́ yin ilé-ẹ̀kọ́ kan, wọn a ní, "Ó le púpọ̀ láti wọ ibẹ̀." Bí wọ́n bá fẹ́ tàbùkù òmíràn, wọn a ní, "Ẹni tó bá ti lọ ni wọ́n ń gbà." Gbólóhùn kejì yìí yẹ kí ó ya ènìyàn lẹ́nu. Nínú àṣà Yorùbá, ilé tí ń gba àlejò ni ilé ọlọ́lá. Báwo ni gbígba ènìyàn ṣe wá di ẹ̀gàn?

Ìbéèrè tí àròkọ yìí gbé yẹ̀ wò kò ju ẹyọ kan lọ: ǹjẹ́ ó tọ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ gba iyì nítorí àwọn tí ó kọ̀? Kí ọ̀rọ̀ náà má baà fò lójú ọ̀run bí ẹyẹ tí kò rí ibi bà, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni a óò gbé e kalẹ̀ sí. Ìdí ni pé nínú ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo yìí ni yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tí ó dàgbà jù ní Nàìjíríà wà, tí yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ sì wà, tí ti ìjọ Kristẹni àti ti aládàáni náà sì wà, tí ọmọ kan náà sì lè dúró sí ẹnu-ọ̀nà gbogbo wọn láàárín ọdún kan.

Ìpínlẹ̀ kan, ẹnu-ọ̀nà púpọ̀

Yunifásítì Ìbàdàn ni àgbà láàárín wọn. Ọdún 1948 ni ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí kọ́lẹ́ẹ̀jì lábẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 104. Ní ọdún 1962 ni ó di yunifásítì tí ń dá oyè tirẹ̀ fúnni. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìjọba ìpínlẹ̀ dá yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀ ní ọdún 1990, èyí tí ń jẹ́ orúkọ Ládòkè Akíntọ́lá, tí gbogbo ayé sì ń pè ní LAUTECH. Nígbà tí wọ́n yọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́ ní ọdún 1991, ìpínlẹ̀ méjèèjì di olówó rẹ̀. Àjùmọ̀ní yìí fa àríyànjiyàn tí ó gùn, títí di ọdún 2020 tí ó fi di ti Ọ̀yọ́ nìkan.

Ní ìlú Ọ̀yọ́, Yunifásítì Ajayi Crowther, tí ó jẹ́ ti Ìjọ Áńgílíkà, gba àṣẹ ìjọba ní ọdún 2005. Ilẹ̀ tí ó dúró lé kì í ṣe ilẹ̀ àjèjì sí ẹ̀kọ́, nítorí òun ni ó jogún St. Andrew's College, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí ó wà ní Ọ̀yọ́ láti ọdún 1896. Ọdún 2005 kan náà ni Yunifásítì Lead City ní Ìbàdàn, tí ó jẹ́ ti aládàáni, gba àṣẹ. Àwọn mìíràn ti wá lẹ́yìn wọn, ṣùgbọ́n mẹ́rin yìí tó fún àpẹẹrẹ.

Bí wọ́n bá ní kí òbí kan ní Ìbàdàn tàbí ní Ìṣẹ́yìn to mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí ó ṣe rí iyì wọn, kò ní pẹ́ kí ó tó dáhùn. Yóò fi Ìbàdàn ṣe èkíní, yóò fi LAUTECH tẹ̀ lé e, yóò sì to àwọn ti aládàáni sẹ́yìn. Bí wọ́n bá tún bi í ní ìdí, ó ṣeé ṣe kí ó mẹ́nu ba àwọn olùkọ́ àti ilé-ìkàwé, ṣùgbọ́n ohun tí yóò kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu ni máàkì: iye tí ibí yìí ń béèrè, iye tí ibẹ̀ yẹn ń gbà. Máàkì ìwọlé ti di oríkì ilé-ẹ̀kọ́.

Bí ẹnu-ọ̀nà ṣe ń di tóóró

Kí ènìyàn tó mọ ohun tí máàkì yìí ń sọ, ó yẹ kí ó mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Láti ọdún 1978 tí ìjọba ti dá àjọ JAMB sílẹ̀, ìdánwò kan náà ni gbogbo ọmọ tí ń fẹ́ wọ yunifásítì ní Nàìjíríà ń ṣe. 400 ni máàkì tí ó ga jù nínú rẹ̀. Lọ́dọọdún, JAMB àti àwọn olórí ilé-ẹ̀kọ́ a pàdé láti fẹnu kò sí iye tí yunifásítì kankan kò gbọdọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. 140 ni ní ọdún 2023 àti 2024. Ní ọdún 2025, wọ́n gbé e sí 150. Ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan sì lè béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Yunifásítì Ìbàdàn ti dúró lórí 200 láti ọjọ́ pípẹ́. Lẹ́yìn èyí, láti ọdún 2005, yunifásítì lè tún ṣe àyẹ̀wò tirẹ̀ fún àwọn tí ó yege. Ní àwọn yunifásítì ìjọba àpapọ̀, ìlànà tún wà pé kí wọ́n fi ìdá 45 nínú 100 àyè sílẹ̀ fún àwọn tí máàkì wọn ga jù láìwo ibi tí wọ́n ti wá, kí wọ́n fi 35 sílẹ̀ fún àwọn ọmọ agbègbè ilé-ẹ̀kọ́ náà, kí 20 sì jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ètò ẹ̀kọ́ wọn kò tíì rẹ́sẹ̀ walẹ̀.

Ìlànà ìkẹyìn yìí nìkan ti fi hàn pé máàkì kì í dá ìdájọ́ ní òun nìkan. Ọmọ méjì tí máàkì wọn dọ́gba lè gbọ́ èsì méjì, nítorí ìpínlẹ̀ tí bàbá ẹnì kọ̀ọ̀kan ti wá. Ẹni tí ó wọlé kò fi bẹ́ẹ̀ ní ọgbọ́n ju ẹni tí kò wọlé lọ. Ẹni tí kò wọlé kò sì fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ olódo. Ìlànà náà ní ìdí tirẹ̀, ìdí náà sì lágbára ní orílẹ̀-èdè tí ẹ̀yà pọ̀ sí. Ohun tí kò ṣeé gbà ni kí wọ́n fi òṣèlú pín àyè tán, kí wọ́n wá ka ìpín náà sí ẹ̀rí ọpọlọ.

Ìṣirò kékeré kan yóò tún mú ọ̀rọ̀ yé ni. Ká ní ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ kan ní àyè 100, tí ọmọ 1,000 sì wá, ìdá kan nínú mẹ́wàá ni yóò gbà. Bí ọmọ 2,000 bá wá ní ọdún kejì, ìdá kan nínú ogún ni yóò gbà. Ẹnu-ọ̀nà ti di tóóró ní ìlọ́po méjì lójú àwọn ará ìta. Nínú ilé ńkọ́? Àwọn olùkọ́ kan náà ni wọ́n wà níbẹ̀, àga kan náà, ìwé kan náà, gbọ̀ngàn tí afẹ́fẹ́ kò ti fẹ́ kan náà. Kò sí ohun tí ó yí padà lára kíkọ́. Kíkọ̀ nìkan ni ó pọ̀ sí i. Ní orílẹ̀-èdè tí ọmọ tí ó lé ní 1,900,000 ti ṣe ìdánwò JAMB ní ọdún 2025, tí àyè kò sì tó, púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń pè ní iyì ẹnu-ọ̀nà kò ju ọ̀wọ́n àyè lọ. Bí omi bá wọ́n ní àdúgbò, èrò a pọ̀ nídìí kànga kan ṣoṣo tí ó ní omi. Èrò náà fi hàn pé òùngbẹ ń gbẹ àdúgbò; kò sọ bóyá omi náà mọ́.

Ẹnu-ọ̀nà mìíràn tún wà tí máàkì kò fi hàn. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ kì í gba owó ìkọ́ni lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ oyè àkọ́kọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó mìíràn pọ̀ tí wọ́n ń san. Yunifásítì aládàáni kò ní ibòmíràn tí yóò ti rí owó oṣù san ju ọwọ́ òbí lọ. Nítorí náà, ẹnu-ọ̀nà tí ó dà bí ẹni pé ó ṣí sílẹ̀ gbayawu ní aṣọ́nà tirẹ̀: owó ni orúkọ rẹ̀. Òfin owó ìyáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní ọdún 2024 pàápàá, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ni ó wà fún. Ẹni tí ó bá wí pé "Ẹni tó bá ti lọ ni wọ́n ń gbà" kò rántí ọmọ tálákà tí kò tilẹ̀ lè lọ. Ibi gbogbo ni wọ́n ti ń kọ ènìyàn. Ohun tí wọ́n fi ń kọ̀ wọ́n ni kò dọ́gba.

Òkìkí kì í ṣe iyì

Ìrànwọ́ wà nínú èdè fún ẹni tí ó bá fẹ́ tú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni Yorùbá sábà máa ń lò ní irú ibi báyìí: òkìkí, ẹ̀yẹ àti iyì. Òkìkí a máa kàn. Ìró rẹ̀ ni ó ń rìn, ó sì lè dé ibi tí olúwa rẹ̀ kò dé rí. Ẹ̀yẹ, wọn a máa ṣe é fún ènìyàn ni. Ọwọ́ àwọn tí ń ṣe é ni ó wà, wọ́n sì lè dá a dúró nígbà tí ó bá wù wọ́n. Iyì ni ohun tí ó wà lára nǹkan gan-an. Ọkọ́ tí alágbẹ̀dẹ rọ dáadáa níyì kí ẹnikẹ́ni tó yìn ín, nítorí iṣẹ́ tí ó lè ṣe lóko. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè pàdé lára ẹnì kan, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ohun kan náà.

Nínú àtẹ tí wọ́n fi ń to àwọn yunifásítì àgbáyé, òkìkí ni ó ń rù púpọ̀ nínú ẹrù. Ilé-iṣẹ́ QS, fún àpẹẹrẹ, fi ìdá 40 nínú 100 sórí ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń sọ nípa ilé-ẹ̀kọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ó tó dín in kù sí 30 nínú àtẹ ọdún 2024. Ìbéèrè ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀mọ̀wé pé kí wọ́n dárúkọ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ó dára. Kò sí ẹni tí ó lè dárúkọ ibi tí kò gbọ́ rí. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ti kàn ni orúkọ rẹ̀ yóò tún kàn sí i. Ìwé ìròyìn U.S. News & World Report ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú ka ìdá àwọn tí ilé-ẹ̀kọ́ gbà mọ́ ohun tí ó fi ń díwọ̀n rẹ̀, títí ó fi yọ ọ́ kúrò ní ọdún 2018. Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ń kà á, ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá pe ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ sí i wá, tí ó sì dá wọn padà, yóò dà bí ẹni tí ó ti tẹ̀ síwájú.

Ohun kan náà ń ṣẹlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ láìsí àtẹ kankan. Òkìkí ni ó ń fa èrò lọ sí ẹnu-ọ̀nà. Èrò ni ó ń sọ ẹnu-ọ̀nà di tóóró. Tóóró ẹnu-ọ̀nà ni wọ́n sì tún ń fi ṣe ẹ̀rí òkìkí. Ọ̀rọ̀ náà ń yí po bí òbírí, kò sì sí ibi tí ó ti kan iyì nínú ìrìn-àjò rẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 2022, àwọn olùkọ́ yunifásítì ìjọba bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì tí ó gba oṣù mẹ́jọ. Ọmọ tí ó gba 200 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ láti wọ Ìbàdàn jókòó sílé ní gbogbo àkókò yẹn, nígbà tí kíláàsì ń lọ ní àwọn yunifásítì aládàáni. Àwọn olùkọ́ ní ìdí tí wọ́n fi daṣẹ́ sílẹ̀, ìdí náà kì í sì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n ohun tí oṣù mẹ́jọ náà kọ́ni ni pé ẹnu-ọ̀nà lè le kí ilé sì wà ní títì pa.

Àwíjàre àwọn tí ń ṣọ́ ẹnu-ọ̀nà

Yóò jẹ́ àìṣòótọ́ bí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ náà mọ síbẹ̀. Àwọn tí ń ṣọ́ ẹnu-ọ̀nà ní ẹjọ́ rere láti rò, ó sì yẹ kí ènìyàn gbọ́ ọ tán.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, wọ́n fi 120 nínú 400 ṣe òdiwọ̀n tí ó kéré jù fún yunifásítì. Ariwo sọ jákèjádò Nàìjíríà, Yunifásítì Ìbàdàn sì fi yé gbogbo ènìyàn pé 200 ni òun dúró lé. Kò sí olùkọ́ tí kò ní mọ ìdí rẹ̀. 120 kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Ọmọ tí kò lè ka gbólóhùn kan kí ó sì yé e yóò jókòó ní kíláàsì kan náà pẹ̀lú ẹni tí ó ti ń ka ìwé ńlá. Bí olùkọ́ bá dúró de èyí, yóò pàdánù ìyẹn. Bí ó bá sì tẹ̀ lé ìyẹn, èyí yóò ṣubú. Ní ẹ̀ka ìṣègùn, ọ̀rọ̀ náà tún kọjá ti kíláàsì, nítorí ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ yóò fi ẹ̀mí ẹlẹ́mìí san gbèsè àìmọ̀ rẹ̀. Àánú tí ó gba ọmọ wọlé láìní ohun tí yóò fi ràn án lọ́wọ́ kì í ṣe àánú. Ó kàn gba owó rẹ̀ àti ọdún rẹ̀ ni, kí ó tó kọ̀ ọ́ ní ọ̀dúnta.

Èyí jẹ́ òtítọ́, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n wo ohun tí àwíjàre náà ń gbèjà. Òṣùwọ̀n ni ó ń gbèjà. Kò gbèjà iye ẹni tí wọ́n kọ̀. Òṣùwọ̀n ń béèrè pé: kí ni iṣẹ́ yìí fẹ́ kí ọmọ mọ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀? Bí ẹgbẹ̀rún ọmọ bá dé ojú òṣùwọ̀n, kò sí ìṣòro lójú rẹ̀. Inú rẹ̀ yóò dùn. Ẹni tí ń fi iye ẹni tí ó kọ̀ ṣògo ni inú rẹ̀ yóò bàjẹ́ bí gbogbo ọmọ bá mọ̀wé, nítorí ògo rẹ̀ yóò pòórá. Ibi tí ìyàtọ̀ ìwà wà nìyí. Olùkọ́ tí ń fẹ́ òṣùwọ̀n ń retí ọjọ́ tí ọ̀pọ̀ yóò dé ibẹ̀; agbéraga nílò kí ọ̀pọ̀ máa ṣubú kí òun lè dúró.

Nínú ilé Àjàlá

Kódà bí òṣùwọ̀n bá tọ́, ojú tí ń wò ó kì í ríran dé inú. Ìtàn Ifá nípa Àjàlá Alámọ̀, amọ̀kòkò tí ń mọ orí, ti sọ èyí tipẹ́. Ọ̀rẹ́ mẹ́ta lọ yan orí nílé rẹ̀ kí wọ́n tó wá sáyé. Méjì nínú wọn mú orí tí ó dára ní wíwò, láìmọ̀ pé iná kò jó o tó. Òjò pa wọ́n lójú ọ̀nà, orí náà sì ń ṣí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ títí wọ́n fi dé ayé. Afùwàpẹ́ nìkan ni ó bá ẹni tí ó mọ ilé náà yàn, tirẹ̀ sì bá a kalẹ́. Àwọn onímọ̀ ti fi ìtàn yìí ṣàlàyé àyànmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Fún ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ yìí, ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò ṣòro: ọjọ́ yíyàn kọ́ ni ọjọ́ tí a ń mọ orí, ọjọ́ òjò ni.

Àpẹẹrẹ kò jìnnà. Chinua Achebe wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn ní ọdún 1948, ìmọ̀ ìṣègùn ni wọ́n sì gbà á fún. Lẹ́yìn ọdún kan ó fi í sílẹ̀ lọ sí ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì, ó sì pàdánù owó ìrànwọ́ tí ó wà fún un. Àwọn tí ó yàn án kò ṣàṣìṣe pé ọlọ́gbọ́n ni. Wọn kò kàn lè mọ ohun tí ọgbọ́n náà jẹ́ ti rẹ̀. Ohun tí Ìbàdàn ṣe fún un tí ó níyì jù ni pé ó jẹ́ kí ó yí padà lẹ́yìn tí ó ti wọlé.

D. O. Fágúnwà ńkọ́? St. Andrew's College ní Ọ̀yọ́ ni ó ti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, kí ó tó gbé ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1938, ọdún mẹ́wàá gbáko kí kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn tó wà. Kò gba oyè yunifásítì. Lónìí, àwọn tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ni wọ́n ń kọ àpilẹ̀kọ lórí ìwé rẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n ti tọ́ ọ ni àwọn kan wá ń wò lónìí bí ilé-ẹ̀kọ́ onípò kejì, nítorí máàkì. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2025 tún burú ju àìríran dé inú lọ, nítorí òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀ ni ó yẹ̀. JAMB gbà ní gbangba pé àṣìṣe inú ẹ̀rọ ti kan ìdánwò ọmọ 379,997 ní Èkó àti ní àwọn ìpínlẹ̀ Ìlà-Oòrùn Gúúsù, ó tọrọ àforíjì, ó sì ní kí wọ́n tún un ṣe. Gbígbà tí ó gbà pé òun jẹ̀bi yẹ fún ìyìn. Kì í ṣe gbogbo aláṣẹ ní ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ tí èsì jáde àti ọjọ́ tí òtítọ́ jáde, ilé wo ni wọn kò ti pe ọmọ wọn ní ọ̀lẹ? Ọmọ mélòó ni ó gba ara rẹ̀ gbọ́ ní olódo nítorí kọ̀ǹpútà sọ bẹ́ẹ̀? Ẹni tí ó ti fi kíkọ̀ ṣe ìdájọ́ ènìyàn ni ó pa irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lára, kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan.

Àwọn tí ó bá ara wọn ní ẹ̀ka èdè

Kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan àwọn olùkọ́ èdè gbọ̀ngbọ̀n tó inú kíláàsì wọn. Bí wọ́n ṣe ń to yunifásítì ní ipò ni wọ́n ń to ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ inú yunifásítì kan náà ní ipò: ìṣègùn àti òfin wà lókè, èdè ilẹ̀ wa wà nísàlẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí ń kẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá, Haúsá tàbí Ígbò ní yunifásítì kò kọ orúkọ èdè náà sínú fọ́ọ̀mù. Òfin tàbí iṣẹ́ ìròyìn ni wọ́n kọ. Máàkì wọn kò tó o, wọ́n sì dà wọ́n sí ẹ̀ka èdè. Wọ́n wọlé pẹ̀lú ìtìjú. Bí wọ́n bá bi wọ́n nílé pé kí ni wọ́n ń kọ́, wọn a dárúkọ yunifásítì, wọn a sì gbé orúkọ ẹ̀ka mì.

Olùkọ́ tí ó dojú kọ wọn ní ọjọ́ kìn-ín-ní ní ọ̀nà méjì. Ó lè wò wọ́n bí àjẹkù tí ẹ̀ka mìíràn ti sílẹ̀, kí ó máa fi ọdún mẹ́rin rán wọn létí rẹ̀. Ó sì lè kọ́ wọn. Èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kan tí ó yẹ kí ó wà ní ọkàn irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀: alágbàtọ́, ẹni tí ó gba ọmọ ọlọ́mọ tọ́. Gbà tí ó wà nínú ìgbaniwọlé náà ni ó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n tọ́ ti tẹ̀ lé e. Kò sí ẹni tí í yin alágbàtọ́ nítorí iye ọmọ tí ó lé padà lẹ́nu-ọ̀nà. Ohun tí ọmọ dà lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ọmọ tí kò lè fi àmì ohùn sórí orúkọ ara rẹ̀ nígbà tí ó wọlé, tí ó sì ṣe àpèjúwe gírámà ẹ̀ka-èdè ìlú ìyá rẹ̀ kí ó tó jáde, ti rin ọ̀nà tí ó jìn. Ẹni tí ó bá a rin ọ̀nà náà ni iyì tọ́ sí, yálà Ìbàdàn ni ó ti rìn ín tàbí ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé jíjìn ọ̀nà nìkan kò tó, pé oníṣègùn tí ó ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ tí kò sì mọ iṣẹ́ tán ṣì léwu. Bẹ́ẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí òṣùwọ̀n tí ó le jù wà ní ẹnu-ọ̀nà ìjáde ju ti ìwọlé lọ. Yunifásítì tí ó le ní ìwọlé tí ó sì rọ̀ ní ìjáde, tí ọmọ kò ní ṣe ju kí ó wọ ibẹ̀ lọ kí ó tó gba ìwé-ẹ̀rí, ti fi ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ṣe òpin rẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Ohun mẹ́ta ni ó jáde nínú àgbéyẹ̀wò yìí. Èkíní ni pé tóóró ẹnu-ọ̀nà yunifásítì sábà máa ń sọ nípa ọ̀wọ́n àyè, owó àti òkìkí, ju bí ó ṣe ń sọ nípa iṣẹ́ tí ń lọ nínú ilé. Èkejì ni pé òṣùwọ̀n tọ́, ó sì pọn dandan, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n kì í fi ìṣubú ẹlòmíràn ṣe ayọ̀. Ẹ̀kẹta ni pé ẹni tí ó bá gbọdọ̀ kọ ènìyàn jẹ ẹni náà ní gbèsè òtítọ́: kí ó sọ fún un pé àyè ni kò tó, tàbí pé ìmúrasílẹ̀ rẹ̀ ni kò tíì tó, kí ó má ṣe jẹ́ kí ó lọ sílé pẹ̀lú èrò pé orí òun ni kò dára.

Àwọn òbí ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ yóò ṣì máa to àwọn yunifásítì ní ipò, kò sì sí ẹni tí ó lè dá wọn dúró. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi ara wọn ni ó lè yí padà. Dípò kí wọ́n béèrè pé mélòó ni wọ́n kọ̀ níbẹ̀, kí wọ́n béèrè pé: àwọn tí wọ́n gbà, báwo ni wọ́n ṣe rí nígbà tí wọ́n wọlé, kí ni wọ́n sì lè ṣe nígbà tí wọ́n jáde? Ǹjẹ́ olùkọ́ wà ní kíláàsì? Ǹjẹ́ ọmọ tí ó rí i pé òun ti ṣi ọ̀nà yàn lè yí padà? Ìdáhùn sí ìbéèrè wọ̀nyí lè fi Ìbàdàn sókè síbẹ̀síbẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, iyì rẹ̀ yóò jẹ́ tirẹ̀ lóòótọ́, kò ní jẹ́ ti àwọn ọmọ tí ó dá padà.

Àwọn ọmọ tí wọ́n dá padà náà kò kúrò nílùú. Àwọn ni yóò ta ọjà fún ọ̀jọ̀gbọ́n, tí wọn yóò wa ọkọ̀ rẹ̀, tí wọn yóò sì dìbò pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn àgbà ti wí pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Wọn kò yọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó lókìkí sílẹ̀ nínú rẹ̀.